Aṣọ Ibùsùn Mẹ́rin Lójúmọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Òjò láti ìdájí. Aṣọ ibùsùn mẹ́rin ni mo fọ̀ lánàá, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó gbẹ nínú wọn. Mo fi wọ́n kọ́ orí àga nínú pálọ̀, mo ti gbogbo fèrèsé pa kí òjò má baà fẹ́ wọlé, mo sì jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú.

"Bàbá, kí ló ń rùn báyìí?"

Mo ní aṣọ tí mo fọ̀ ni.

"Aṣọ tó mọ́ kì í rùn bẹ́ẹ̀."

Ó yí ìyá ọmọ mi sí ẹ̀gbẹ́, ó ṣí egbò ìdí rẹ̀ wò, ó ní kí èmi náà wá wò ó. N kò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n mo wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Lónìí ó ti tó ẹnu ife. Nọ́ọ̀sì tẹ ọwọ́ mọ́ aṣọ tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀.

"Èyí ò gbẹ, Bàbá. Ẹ rò pé ó gbẹ ni, ó ṣì rin. Ara tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó rin, ńṣe lẹ ń fún egbò yẹn lóúnjẹ jẹ."

Láti oṣù kẹta tí àrùn ti pa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún un. Bí nọ́ọ̀sì ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì náà kan aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó sì tì í dànù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn ni mo pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọmọ mi obìnrin pè lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bàbá, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Bí egbò yẹn ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé, màá gbé màmá mi lọ sọ́dọ̀ mi."

Mo ní mo lè tọ́jú rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò fọ ìbọ̀sẹ̀ ara yín rí?"

"Mo ti ń fọ aṣọ báyìí."

"Fífọ̀ kọ́ ni wàhálà, Bàbá. Gbígbẹ ni."

Kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Ì bá sàn bó bá sọ ọ́. "Màmá mi," ló ń pè é, bí ẹni pé obìnrin náà kò ní ọkọ. Ó jọ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aṣọ tí mo bá kọ́ sórí àga a gbẹ kí n tó jẹun ọ̀sán. Alágbàfọ̀ kọ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kì í da aṣọ aláìsàn pọ̀ mọ́ ti oníbàárà. Nítorí náà mo gbé fáànù kọjú sí wọn láti àárọ̀. Iná lọ ní agogo mọ́kànlá. Ìrọ̀lẹ́ ni iná tó dé. Mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo ní kí n fi lọ ọ̀kan gbẹ. Wákàtí kan gbáko, èéfín funfun ń rú sí mi lójú bí ẹni tó ń se nǹkan. Ìdajì gbẹ. Ìdajì kejì jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo gbé èyí tó gbẹ lọ fún un. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì kàn án, ó tì í dànù.

Mo fẹ́ bínú. Nígbà náà ni mo rántí ibi tí mo ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ mi ni. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù, bó bá gbé ẹ̀wù funfun mi wá láàárọ̀, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù náà kí n tó wọ̀ ọ́. Bó bá rin díẹ̀, màá jù ú padà sórí apá rẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ pé ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀ ń kọ́ nǹkan lára ẹni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ra èédú. Ó ti gbówó lórí, ẹni tó tà á fún mi ní òjò ló fà á. Mo finá sí i nínú ìkòkò, mo gbé e sáàárín pálọ̀, mo to àga yí i ká. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lóòótọ́, inú mi dùn, mo ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọgbọ́n kò tán nínú arúgbó. Ìyá ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú iyàrá rẹ̀. Kí n tó lọ wò ó kí n sì padà, iná ti ta sára aṣọ aláwọ̀ sánmà, èyí tí ó fẹ́ràn jù, ó ti lu ihò tó tó orí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo da èédú nù. Òjò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Nọ́ọ̀sì gbóòórùn èéfín. "Bàbá, ẹ fẹ́ pa á ni? Èédú nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì?" Mo ní n kò tún ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní egbò náà dúró síbi tó wà, kò fẹ̀ sí i, kò sì dín.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ń wá ibi tí mo lè so okùn mọ́. Mo gbójú sókè nínú iyàrá ìyá ọmọ mi. Iyàrá rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ọmọ ti já lẹ́nu ọmú ni èmi ti ń sùn láàárín ìwé mi. Ìṣó wà lára ògiri lókè ibùsùn rẹ̀, ìṣó mìíràn kọjú sí wọn lára ògiri kejì. Mo kà wọ́n: mọ́kànlá. Mo ti mọ̀ wọ́n lójú tipẹ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni mo rò pé ó fi ń so. Mo wo abẹ́ ibùsùn, mo bá okùn ní kíká nínú garawa. Ó ti fi òwú pupa sàmì sí i lójú kan dé òmíràn, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín.

Mo so okùn náà láti ìṣó dé ìṣó. Ó bára mu rẹ́gí. Mo kó aṣọ ibùsùn mẹ́rin sá síbẹ̀, mo kí ara mi kú iṣẹ́, mo lọ kàwé.

Ní ọ̀sán mo wọlé lọ wò ó. Omi ń kán sí i níwájú orí. Ó ń kán lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára, kò sì dáwọ́ dúró. Kò tiraka. Ó ti yí ojú sí apá ògiri, sí igun kékeré kan tí omi kì í dé, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ìsàlẹ̀ igun náà, lára ògiri, mo rí ipa omi tó ti gbẹ, pupa pẹ̀lú ìpẹtà ìṣó, ọ̀kan lórí èkejì, bí ìlà tí a fi ń ka ọdún.

Ẹ̀wù funfun mi ló ń sá síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òjò, abẹ́ ẹ̀wù mi ló ń sùn.

Mo tú okùn náà. Ó pẹ́ kí n tó tú u tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ ka òfin ilé ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ṣì wà nínú férémù, yíǹkì rẹ̀ kò tíì ṣá. Ìkọ̀wé mi dára nígbà náà. Òfin kẹta: *A kò gbọdọ̀ sá aṣọ sí àgbàlá, sí ojú fèrèsé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí orí òrùlé, nítorí iyì ilé.*

Iyì ilé. Ọ̀gá mi, adájọ́, ló wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìró ìyá ọmọ mi wà lórí okùn ní àgbàlá, ó ń kán, ó sì kán sí fìlà adájọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó nù ún, ó mu omi tí a gbé fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tó lọ, mo mú sísọ́ọ̀sì ìyàwó mi, mo gé okùn náà lójú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì mo kó àwọn ayálégbé jọ, mo ka òfin tí mo ti kọ sílẹ̀ fún wọn. Akọ̀wé kóòtù ni mí. Ta ló fẹ́ bá mi jiyàn?

Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé.

Okùn kan ṣì kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè lẹ́yìn òfin náà, ti obìnrin aránṣọ tó ń gbé lókè. Mo gun òkè, mo gé òun náà. Ìlédìí ọmọ tuntun ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n já bọ́ sínú ẹrẹ̀ àgbàlá. Nígbà tó bi mí pé kí ló dé, mo dá a lóhùn pé òfin kò mọ ojú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Nọ́ọ̀sì ní egbò ti fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n kò jìnnà mọ́.

Mo gun òkè ní agogo mẹ́rin. Orúnkún ń ro mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ gùn, ó ní òrùlé, ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbà á kọjá tó fi fẹ́ ṣí fìlà mi. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o," mo wí.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ìwọ" ni mo máa ń pè é.

"Baba Akọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ ń kí mi báyìí? Ṣé kò sí o?"

"Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo bá wá."

"Ẹ fẹ́ rán aṣọ?"

"Mo fẹ́ sá aṣọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ wọlé. Rárá, ẹ má wọlé, ẹ dúró síbẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ dúró yẹn gan-an lẹ dúró sí lọ́jọ́sí."

Mo dúró. Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ, nítorí atẹ́gùn.

"Mo mọ atẹ́gùn yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó tó ń kọjá lọ lásán, témi ń sá aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n òfin ni, Baba Akọ̀wé. Òfin ò mọ ojú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Hẹn. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé."

"Mi ò gbàgbé ìlédìí ọmọ náà."

"Mélòó ni?"

"Mi ò kà wọ́n."

"Mẹ́jọ ni. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣà wọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ìyàwó yín ló jáde wá bá mi ṣà wọ́n. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

N kò mọ̀.

"Ó kó wọn lọ, ó tún wọn fọ̀. Ó kan ìṣó sí iyàrá tirẹ̀ nítorí wọn, ó ń sá wọn síbẹ̀. Abẹ́ ìborùn ló ń fi wọ́n sí tó bá ń gbé wọn gòkè bọ̀, kí ẹ má baà rí i. Odidi oṣù mẹ́ta. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń dá yín lóhùn o, kì í ṣe nítorí irun funfun yín."

Ó fi ẹsẹ̀ kan irin ẹ̀rọ, ó rán ìlà kan tán kó tó tún gbójú sókè.

"Ìpàdé ilé ń bọ̀ lọ́túnla. Ẹnu tẹ́ ẹ fi ṣòfin ni kẹ́ ẹ fi tú u, níwájú gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ. Mi ò gba ti kọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ni alága ilé báyìí. Ẹ-fara-balẹ̀ ni a ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún gbogbo orí tó bá wà lábẹ́ abẹ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo dìde, ìwé gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

"Baba Akọ̀wé, ẹ fara balẹ̀," ló wí, "a ò ní í gé yín létí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ka òfin kẹta sókè. Nígbà tí mo dé "nítorí iyì ilé," mo tún un kà. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ṣé ẹni tó di ẹrù ló fẹ́ tú u yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Alága bi mí pé kí ló dé tí mo fi fẹ́ tú u. Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ dídán sílẹ̀ lórí ìlera àti afẹ́fẹ́. N kò lò ó. Mo ní, "Ara ìyàwó mi ń jẹrà lórí aṣọ tí kò gbẹ, èmi ni mo sì lé e kúrò nínú oòrùn." Lẹ́yìn náà mo yíjú sí aránṣọ, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ìlédìí mẹ́jọ.

Ẹ-fara-balẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ tó ni ìlédìí yẹn ń múra ìgbéyàwó," aránṣọ wí. "Mo gbọ́."

Mo gbọ́ ló wí. Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò retí rẹ̀.

Mo yọ ìwé òfin náà nínú férémù, mo fi kálámù mi fa ìlà sí òfin kẹta. Ìlà náà wọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò wẹliwẹli. Mo gbé garawa gòkè lẹ́ẹ̀mejì, mo sinmi lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ká aṣọ kan sí méjì, mo kọ́ ọ sórí okùn, mo tún fi òmíràn lé e. Aránṣọ yọjú.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn? Ìwé lẹ ń tò ni?"

Mo ní kí ó má baà gba àyè púpọ̀ ni.

"Ẹ jẹ́ kó gba àyè. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ kan, kí n mú ẹ̀gbẹ́ kan." A dì í mú, a lọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì, omi tó jáde lára aṣọ tí mo rò pé mo ti fún gbẹ kún abọ́. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju ìkejì lọ, kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín. Tó bá di ọ̀sán, ẹ yí wọn padà. Ooru kọ́ ló ń gbẹ aṣọ, Baba Akọ̀wé, atẹ́gùn ni. Ẹ̀yin ti fèrèsé, ẹ wá ń dáná."

"Ta ló kọ́ yín?"

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. "Ìyàwó yín."

Ní agogo márùn-ún, méjì ti gbẹ. Òjò kò dá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo tẹ́ aṣọ tuntun fún un. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Mo ń wo ọwọ́ náà bí ọ̀daràn ti ń wo ẹnu adájọ́. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Nọ́ọ̀sì ní etí egbò ti ń pọ́n, àmì rere ni. Ọṣẹ tún gbówó lórí. Mo ra ọ̀pá méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹ̀yìn mi kò jẹ́ kí n dìde láàárọ̀. Nígbà tí mo fi máa gun òkè, aránṣọ ti fún aṣọ náà, ó ti sá a. Mo bá a gbé aṣọ ìyàwó tó ń rán kúrò nílẹ̀ kí omi má baà ta sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Egbò ti padà sí ìwọ̀n bọ́tìnnì. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, mi ò rí ọkùnrin tó fọ aṣọ bẹ́ẹ̀ rí." Inú mi dùn títí ó fi di ọ̀sán. Mo rí i lẹ́yìn náà pé kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi rí, èmi gan-an kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọmọ mi dé pẹ̀lú ọkọ̀. Ó wo egbò, ó wo ìyá rẹ̀, ó gun òkè lọ wo okùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, ẹ ṣe é."

"Aránṣọ ló kọ́ mi."

"Mo ti bá a sọ̀rọ̀." Ó jókòó. "Mo ti tún iyàrá ṣe sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní kó máa gbé níbí, mi ò ní í bá yín jà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Mo ti ja ìjà náà, mo ti borí. Ohun tí mo ń tọrọ láti ọjọ́ kẹrin oṣù yìí ló gbé lé mi lọ́wọ́. Mo ti la ẹnu kí n dáhùn, nígbà tí mo rántí pé ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí a ti fẹ́ra, èmi nìkan ló sì ń sọ ọ́.

Mo ní kó fún mi ní àyè díẹ̀. Mo wọ iyàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sínú tèmi. Mo ní, "Ọmọ rẹ fẹ́ gbé ọ lọ. Mo fẹ́ kí o dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo ń bi. Bó o bá fẹ́ dúró, tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá fẹ́ lọ, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó wo ojú mi pẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ń mí sínú. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Mo tún bi í. Mo jẹ́wọ́ èyí níhìn-ín: mo tún bi í, mo ní bóyá kò gbọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

Ọmọ mi kan ilẹ̀kùn. "Bàbá, kí ló sọ?"

Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rí mìíràn, ìyá rẹ̀ kò lè fọhùn. Mo ti kọ ẹ̀rí ẹlòmíràn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, mo mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè yí ẹjọ́ padà.

Mo ní, "Ó ní òun ń lọ."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ọgbọ̀n

Wọ́n lọ ní agogo mẹ́wàá. Mo ká aṣọ ibùsùn mẹ́fà sínú àpò, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Mo bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Mo fi aṣọ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí egbò má baà kan àga. Kò wo ẹ̀yìn. Ọrùn rẹ̀ kò lè yí dé ẹ̀yìn.

Oòrùn ràn lónìí. Àkọ́kọ́ rẹ̀ láti bí oṣù kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ẹ̀wù kan ni mo ní láti fọ̀. Mo gbé e gòkè, mo sá a.

"Baba Akọ̀wé, àwọn aṣọ ibùsùn dà?"

"Wọ́n ti bá a lọ."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó kó aṣọ tirẹ̀ jáde, ó sá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọmọ mi pè.

"Bàbá, màmá ò gba aṣọ ibùsùn wa. Ẹ̀rọ ló ń gbẹ ẹ níbí, ó gbẹ dáadáa, kò rin rárá. Ó máa fọwọ́ kàn án, ó máa tì í. Àwọn tó tọ̀dọ̀ yín wá nìkan ló ń gbé ojú lé. Ọṣẹ wo lẹ ń lò?"

"Ọṣẹ gbogbo ayé ni. Atẹ́gùn ni."

"Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Bàbá. Mo bi í bóyá ó fẹ́ padà sílé. Ó fi ọwọ́ sọ pé rárá."

"Mo mọ̀."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Aṣọ náà ló fẹ́. Mo ní kó kó èyí tó dọ̀tí ránṣẹ́ pẹ̀lú awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà wa kọjá lọ́jọ́ Ajé, màá dá wọn padà lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Aṣọ mẹ́rin. Mo bọ̀ wọ́n sómi ní òwúrọ̀, mo fọ̀ wọ́n, mo gbé garawa gòkè lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ mú ẹ̀gbẹ́ kan, èmi mú ẹ̀gbẹ́ kan. Lára èyí tó kẹ́yìn mo bá irun rẹ̀ kan, funfun, gígùn. N kò mọ ibi tí ó yẹ kí n fi í sí. Mo fi í sáàárín ìwé yìí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Mo yí wọn padà. Ní agogo mẹ́rin mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ti gbẹ. Ẹ̀kẹrin kù díẹ̀. Mo gbé àpótí ìjókòó aránṣọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó ti ẹ̀kẹrin náà.